Kẹ́hìndé Re Àjò

Ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ náà kò tíì mọ́ tán tí Kẹ́hìndé ti ń kó abọ́ kiri àdúgbò Òdòsídà ní ìlú Oǹdó.

Abọ́ rọ́bà ni o, aláwọ̀ ewé, irú èyí tí èèyàn ń pín fún àlejò níbi ìdúpẹ́. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni òun àti Táyé, ìkejì rẹ̀, ṣe ìdúpẹ́ ọgọ́ta ọdún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n pín abọ́ náà títí ó fi kárí. Ojú àwọn méjèèjì wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà-gàdàgbà pé ÌBEJÌ OLÚWA PÉ ỌGỌ́TA ỌDÚN. Kò sí ilé tí kò sí. Wọ́n fi ń bu gàrí, wọ́n fi ń fọ ẹ̀wà, ilé kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni adìẹ ti ń mumi. Bí àdúrà bá lè pa abọ́ rọ́bà rẹ́, Kẹ́hìndé ì bá ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láti Àkúrẹ́ láì wọkọ̀. Àdúrà náà kò gbà, ló bá gbé àpò ìrẹsì dání.

Táyé jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń bẹ iṣu. Ìlàjì ni yóò sè láàárọ̀ yẹn, ìlàjì di ọ̀la. Ó gbọ́ ariwo abọ́, ó gbójú sókè, ó sì rí ìkejì rẹ̀ tí ó rò pé ó wà ní Àkúrẹ́, tó gbé àpò kọ́ èjìká. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká ní Àkúrẹ́ níbẹ̀! Obìnrin tó jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá lórí bí irọ́ ṣe ń ba ilé Kristẹni jẹ́! Ó ti pa irun orí rẹ̀ láró dúdú kirikiri, aró náà sì ti ń ṣàn sí i lọ́rùn.

“Kẹ́hìndé, ṣé kò sí o?”

“Mélòó ló kù nínú ilé rẹ?”

“Mélòó kí ni?”

“Abọ́ wa!”

Kí Táyé tó dáhùn, Màmá Sherifat, aládùúgbò wọn tó ń dín àkàrà, ti wọlé tẹ̀ lé Kẹ́hìndé pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀ tí ó dì mọ́ àyà.

“Ìyá Monílọ́lá, ẹ káàárọ̀. Ẹ bá mi bi ìkejì yín léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ̀bùn tí ẹ fún mi láti ọdún kẹta lẹ fẹ́ gbà padà? Ẹ̀wà àkàrà ni mo fi ń bù. Àwa Mùsùlùmí, bí a bá ti ṣe sàráà, a kì í gbà á padà. Ṣé tiyín yàtọ̀ ni?”

“Ẹ jọ̀ọ́, màmá,” ni Kẹ́hìndé wí, “mo máa ra òmíràn fún yín. Èyí tó tóbi jù ú lọ.”

“Ṣé ojú yín máa wà lára ìyẹn náà?”

“Rárá o!”

“Ẹ jẹ́ kí n máa lo èyí nígbà náà. Ó ti mọ́ mi lára kí ẹ máa wò mí tí mo bá ń po àkàrà.” Ó yí padà, ó sì gbé abọ́ rẹ̀ lọ. Kò ju abọ́ mọ́kànlá lọ tí Kẹ́hìndé rí kó nínú bí igba tí wọ́n pín.

Táyé gbé iṣu àti ọ̀bẹ wọlé. Nínú ilé, Kẹ́hìndé jókòó sórí àga, ó ní, “Wọ́n ti kọ̀wé ẹ̀sùn mi o.” Ó jọ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ tó ń wá ipò ọ̀gá rẹ̀ ló kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé àwọn òṣìṣẹ́ wò. Ohun tí ẹni náà kọ kò pọ̀. Ó ní Kẹ́hìndé kan wà ní ọ́fíìsì àwọn tí ìwé rẹ̀ sọ pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Táyé rẹ̀ sì jẹ́ olùkọ́ ní Oǹdó, ó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́ta nítorí ó ti pé ọgọ́ta. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ inú ikùn ta ni Kẹ́hìndé ti dúró fún ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí Táyé jáde.

Ogún ọdún sẹ́yìn ni Kẹ́hìndé lọ sí kọ́ọ̀tù, tó gbé Bíbélì sókè, tó sì gé ọdún mẹ́fà kúrò lára ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tó ń gé ọjọ́ orí kù ní ilẹ̀ wa yìí kò lóǹkà, àwọn tó ń gbé àpótí ọrẹ sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí èèyàn máa jẹ́ Kẹ́hìndé, kó tún lọ gé ọjọ́ orí tirẹ̀ nìkan láì sọ fún Táyé, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Orúkọ rẹ̀ gan-an ló ń tú u fó lójoojúmọ́ tí wọ́n bá pè é.

“Agogo méjìlá òní ni wọ́n ní kí n mú ọ wá,” ni Kẹ́hìndé wí.

“Kí n wá sọ kí ni?”

“Kí o sọ pé Kẹ́hìndé rẹ ti kú.”

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Táyé. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kẹ́hìndé, ẹnu rẹ!”

“Fara balẹ̀, gbọ́ mi. Kẹ́hìndé tìrẹ kú nígbà tí ẹ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni wọ́n wá bí èmi. Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn.”

Akínyẹmí, ọkọ Táyé, tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀. Títí di òní, kò lè gbọ́ ìtàn kó má bi í ní ìbéèrè. “Ìyá Ọláyẹmí, ẹ forí jì mí. Ọmọ tí wọ́n bá bí tẹ̀lé ìbejì, Ìdòwú ló ń jẹ́. Báwo ni tiyín ṣe wá di Kẹ́hìndé?”

“Mo ti ro ìyẹn, Bàbá Monílọ́lá. Bàbá wa ló wò mí lójú tó ní ẹni tó lọ náà ló padà wá.”

“Pé ẹ tún ayé wá? Ẹ̀yin, ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin?”

“Ṣé èmi ni mo sọ ọ́ ni? Bàbá wa ni. Kò tíì gba Jésù nígbà náà.”

“Kẹ́hìndé!” Táyé kígbe. “Kátíkíìsì ni bàbá wa!”

“Kí Ọlọ́run dárí jì í,” ni Kẹ́hìndé dáhùn.

Táyé ní òun kò lọ. Ó ní bí òun ṣe fi òtítọ́ wọ iṣẹ́ náà ni òun fi òtítọ́ jáde, òun kò sì ní ti ilé wá máa búra èké nígbà tí ọ̀run ti sún mọ́ ju ọ́fíìsì lọ.

Ohun tó bí Kẹ́hìndé nínú nìyẹn. “Òtítọ́ rẹ, kí ló fún ọ? Ọdún mẹ́ta lo ti fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì rẹ dà? Ẹ̀yin tí ẹ jọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, mélòó ló ti ṣubú sórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ yín wò bóyá ẹ ṣì wà láàyè? Ibẹ̀ ni o fẹ́ kí n máa bọ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí o! Èmi ni mo rán ọ wá sáyé!”

Ó kàn bojú wo iṣu tí Táyé ń bẹ, nítorí òun ló fi ránṣẹ́ láti Àkúrẹ́ lóṣù tó kọjá. Lẹ́yìn náà ó bojú wo ojú fèrèsé, níbi tí ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Akínyẹmí wà. Òun náà ló ń rà á. Akínyẹmí rí ibi tí ó ń wò, ó wúkọ́, kò sì bi í ní ìbéèrè mọ́.

Nígbà tí Akínyẹmí máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Ìyá Monílọ́lá,” ló wí fún ìyàwó rẹ̀, “a kì í tilẹ̀ sọ pé ìbejì kú nílẹ̀ yìí. Èèwọ̀ ni. Tí ọ̀kan bá kú, kí ni wọ́n ń wí?”

“Wọ́n á ní ó re àjò.”

“Kẹ́hìndé yìí, ṣé kò re àjò ni? Oǹdó ni wọ́n bí i sí. Àkúrẹ́ ló ń gbé. Kí ni ìyẹn bí kì í bá ṣe àjò?”

Kẹ́hìndé dìde dúró, ó pàtẹ́wọ́. “Bàbá Monílọ́lá! Ẹ ò ní kú o! Táyé, o ò ní purọ́ kankan. Wọ́n á ní Kẹ́hìndé dà, wàá ní ó re àjò. Àwọn fúnra wọn ni yóò pa mí.”

Táyé ní ó dọwọ́ àlùfáà. Wọ́n bá fi fóònù pe Àlùfáà Ọláwuyì tó ń ṣọ́ ìjọ wọn ní Oǹdó. Orí ọ̀kadà ló wà, afẹ́fẹ́ ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo ilé máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Ẹ gbọ́, ìyá! Ábúráhámù baba ìgbàgbọ́ pe aya rẹ̀ ní arábìnrin rẹ̀, Ọlọ́run kò sì bá a jà! Ẹ̀yin ò tilẹ̀ sọ tó bẹ́ẹ̀! Ọ̀rọ̀ òtítọ́ lẹ fẹ́ sọ! Bí olùgbọ́ bá ṣì í gbọ́, ọrùn olùgbọ́ ló wà!” Ọ̀kadà náà kó sí kòtò, wọ́n gbọ́ tó pe Jésù, kó tó tún padà bọ́ sórí fóònù. “Ṣé Ìyá Ọláyẹmí wà níbẹ̀? Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní páànù òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣèlérí, a ṣì ń retí i o!”

Bí ọkọ ṣe wí nìyẹn, bí àlùfáà ṣe wí nìyẹn. Kẹ́hìndé ní kí wọ́n gbàdúrà kí wọ́n tó gbéra. Ó bẹ Olúwa kí ó fọ́ ojú àwọn ọ̀tá òtítọ́. Táyé gbé ìlàjì iṣu kaná fún ọkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì kò dúró jẹ ẹ́.

Tákísí tí Kẹ́hìndé yá ló gbé wọn. Kẹ́hìndé gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ kan lé Táyé lọ́wọ́ pé kó máa fi rìn kó lè dàgbà ju òun lọ dáadáa, ó sì ní kó máa tẹ̀ díẹ̀. “Má tẹ̀ jù, kí wọ́n má rò pé ìyá mi ni ọ́.” Láti Oǹdó dé Ọ̀wẹ̀nà ni Táyé fi ń kà á sínú bí ọmọ tó fẹ́ ka àkọ́sórí: Kẹ́hìndé re àjò, Kẹ́hìndé re àjò. Òtítọ́ ni. Òun kò sì ní sọ ohunkóhun tí kì í ṣe òtítọ́ lónìí. Ó bá ara rẹ̀ mulẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀ díẹ̀.

Ní Ọ̀wẹ̀nà, ọkọ̀ dúró kí awakọ̀ lè ra omi. Obìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ yọjú sí fèrèsé. Kò tilẹ̀ polówó. Ó kàn tẹríba, ó ní, “Ejìrẹ́ o! Ẹ̀yin ìbejì, ẹ kú ìrìn o!” Ó sì fa ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì yọ, ó fún Táyé ní ọ̀kan, ó fún Kẹ́hìndé ní ọ̀kan.

“Ta ló sọ fún ọ pé ìbejì ni wá?” Kẹ́hìndé jágbe mọ́ ọn.

“Ojú yín náà ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á, mi ò tíì tajé láàárọ̀. Ẹ súre fún mi.”

Táyé súre fún un. Kẹ́hìndé yọ dígí, ó ń wo aró orí rẹ̀.

Nínú iyàrá tí ìgbìmọ̀ jókòó sí ní Àkúrẹ́, èèyàn méjì péré ni wọ́n bá. Alága ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Adélaní, ọmọ Ìjù, tó ń pe ilé ní ulé. Akọ̀wé rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mary. Alága ní kí wọ́n jókòó, ó ní ẹ kú ọ̀nà, ṣé àlàáfíà ni wọ́n fi ulé sílẹ̀. Ó gbé Bíbélì fún Táyé, Táyé sì búra pé òtítọ́ ni òun yóò sọ.

“Ìyá, ẹ̀yin ni Táyé?”

“Èmi ni.”

“Kẹ́hìndé tí wọ́n bí mọ́ yín dà?”

Táyé mí kanlẹ̀. “Kẹ́hìndé re àjò.”

Mary dá kálàmù dúró. Alága ṣí fìlà kúrò lórí. “Áà! Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá,” ló wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Ẹ má bínú pé a hú u jáde. Èmi náà ní ìbejì, ọ̀kan nínú wọn... ó re àjò. Mo mọ bó ṣe ń rí.” Ó nu ojú. Ó ní kò ní dára kí àwọn kàn kọjá lórí irú ọ̀rọ̀ yẹn. Kí gbogbo àwọn dìde dúró ná.

Wọ́n dìde. Kẹ́hìndé náà dìde, ó kẹ́dùn ara rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Alága bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ẹni tó ti lọ. Ó ní kí ilẹ̀ dẹ̀ ẹ́ lára. Ó ní ibi tó wà, kó máa sùn títí Olúwa yóò fi dé, kí ó má ṣe padà wá yọ ẹni tó kù lẹ́nu. Gbogbo gbólóhùn ni Kẹ́hìndé ń ṣe àmín sí, ó sì ń ṣe é ju Mary lọ. Ẹkún tilẹ̀ gbọ̀n ọ́n.

Táyé kò lè ṣe àmín. Ó lajú, ó wo ìkejì rẹ̀ tó dijú pinpin, tí omi aró dúdú ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀ wọ inú bùláòsì funfun, tó ń ṣe àmín sí ìsìnkú ara rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù alága, kì í sì í ṣe ẹ̀rù ọ̀run àpáàdì. Ẹ̀rù pé àdúrà náà lè gbà ni.

“Ó parí, ìyá,” ni alága wí nígbà tí wọ́n jókòó. “Fọ́ọ̀mù ló kù. Mary, kọ ọ́. Ọdún wo ni Kẹ́hìndé re àjò?”

Kẹ́hìndé kò kọ́ ọ ní ìyẹn. Táyé sì ti bá ara rẹ̀ mulẹ̀.

“Ọdún tí wọ́n gé Èkìtì kúrò lára wa.”

Mary ń kọ ọ́ lọ, ó dúró. “Mà, ọdún tí Èkìtì di ìpínlẹ̀? Ẹni ogójì ọdún ni Kẹ́hìndé yín nígbà náà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti bímọ.”

Alága gbé ìwé Kẹ́hìndé sún mọ́ ojú. “Níbí, wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ ọdún mẹ́ta ni.”

“Ọjọ́ orí ni, sà,” Kẹ́hìndé já wọ ọ̀rọ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi ti dàgbà, wọn kì í rántí nǹkan mọ́.”

“Ìyá, ibo ló re àjò ọ̀hún sí?”

“Àkúrẹ́ níbí.”

“Ṣé ọkọ̀ ló pa á ni?”

“Ọkọ̀ kò pa á. Ó wọ ọkọ̀ ni.”

Mary fi ọwọ́ bo ẹnu. Alága dé fìlà rẹ̀ padà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí. “Ìyá, ẹ ti búra o. Ta ni ẹni tó jókòó tì yín yìí?”

Lábẹ́ tábìlì, bàtà Kẹ́hìndé tẹ ẹsẹ̀ Táyé mọ́lẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́ bí ọ̀gá. Ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré ló kù kí ìwé irọ́ náà gbé e dé ìfẹ̀yìntì. Táyé rí ìgò oògùn lójú fèrèsé. Ó rí páànù ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ọ̀rọ̀ olójú méjì kankan nílẹ̀ mọ́ tó lè sá wọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Wọn kò sọ fún èèyàn pé ẹnu tirẹ̀ ni yóò gbà.

Ó gbé ọ̀pá jù sílẹ̀, ó di ọwọ́ ìkejì rẹ̀ mú. Kò wo alága.

“Kẹ́hìndé,” ló wí, “wọ́n ní ìwọ lo rán mi pé kí n lọ tọ́ ayé wò, bí ó bá dùn, kí n ké kí o máa bọ̀. Mo lọ, mo ké, o sì tẹ̀ lé mi. Ìfẹ̀yìntì yìí náà, èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Mo ti tọ́ ọ wò fún ọdún mẹ́ta. Kò dùn. Mi ò ní tàn ọ́, kò dùn rárá. Àwọn tó yẹ kó sanwó wa kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mo ṣì wà láàyè níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ jẹ́ èmi nìkan. Mi ò lè tún gbọ́ àdúrà yẹn mọ́. Máa bọ̀.”

Kẹ́hìndé yọ bàtà rẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ Táyé. Ó fi aṣọ ìnujú nu ọrùn, ó wo aró tó kó sí i lára, ó ká a, ó fi pamọ́. Alága ń dúró. Kálàmù Mary ń dúró.

“Iṣu àárọ̀ yẹn,” ni Kẹ́hìndé wí nígbà tó yá, “ṣé ó kù?”

“Ìlàjì kù.”

“Ó tó ìbejì jẹ,” ni Kẹ́hìndé wí. Mary sì kọ ọ́ sílẹ̀.